Ọkọ̀ Mi Ṣàdédé Ń Mu Epo Ju ti Tẹ́lẹ̀ Lọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Awakọ̀ Ilẹ̀ Òkun

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa ní ilẹ̀ Òkun, Ìpínlẹ̀ Kogí, tó ń wa ọkọ̀ láti Ìyàmọ́yè dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Kàbà dé Lọ́kọ́ja. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọkọ̀ tó ń mu epo ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwàdà. Àwọn kan ti tìtorí ẹ̀ gbé mọ́tò tì sẹ́yìnkùlé. Èyí tó ń dùn mí jù ni owó tí wọ́n ń kó lé páátì tí kò bàjẹ́. Lónìí wọ́n pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, lọ́la wọ́n ra pọ́ǹpù, lọ́túnla wọ́n tú nọ́súlù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ ò sì yé mu epo. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí. Mo tò wọ́n bó ṣe yẹ kéèyàn tẹ̀ lé wọn: èyí tí ò ná ni ní kọ́bọ̀ ló ṣáájú.

Ṣé lóòótọ́ ni ọkọ̀ mi ń mu epo, àbí ojú mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀?

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó bínú sí i. Géèjì epo tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kò ṣe é fi wọn nǹkan kan. Ibi tí bọ́ọ̀lù tó léfòó nínú táńkì bá wà ló ń tọ́ka sí, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì rèé, ìdajì òkè máa ń pẹ́ kó tó lọ, ìdajì ìsàlẹ̀ a sì sáré tán. Ẹni tó ń sọ pé "ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kò gbé mi dé Mọ̀pà mọ́" náà ò tíì wọn nǹkan kan, torí iye tí wọ́n ń ta epo ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Lítà àti kìlómítà ni ká máa fi sọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ lọ sí ilé epo kan, kí wọ́n rọ epo kún táńkì títí imú pọ́ǹpù á fi já fúnra rẹ̀. Tó bá ti já lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní kí wọ́n dúró. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún máa fún un mọ́ ọn. Ẹ tẹ bọ́tìnì trip kí nọ́ńbà rẹ̀ padà sí òdo. Ẹ máa lo ọkọ̀ yín bí ẹ ṣe ń lò ó títí epo á fi lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, kí ẹ wá padà sí pọ́ǹpù yẹn gan-an, kí wọ́n rọ ọ́ kún bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ mú kìlómítà tí trip kọ, kí ẹ fi iye lítà tí pọ́ǹpù kọ pín in. Tí ẹ bá rin kìlómítà 310, tí lítà 31 sì wọlé, kìlómítà 10 ni lítà kan gbé yín. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè tan ni jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wo òdómítà yín dáadáa: máìlì lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń kà. Máìlì 1 jẹ́ kìlómítà 1.6. Ẹni tó bá rí 6.2 lórí lítà kan tó sì pè é ní kìlómítà, á máa sunkún lórí ọkọ̀ tí kò ní àrùn kankan.

Tó bá jẹ́ pé 10 ló di 9.5, ẹrù, ọ̀nà àti ojú ọjọ́ lè fà á. Àmọ́ tí 10 bá di 7, ibi tí lítà 10 ti ń gbé yín rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà, lítà 14 àti díẹ̀ lẹ ó máa rà báyìí. Ìyẹn nílò àyẹ̀wò.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń darúgbó máa ń fi díẹ̀díẹ̀ mu epo sí i lọ́dọọdún, ẹni tó ń wà á sì lè má fura. Àmọ́ èyí tó dáa lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò dáa mọ́ lọ́sẹ̀ yìí, nǹkan kan ló yí padà lára rẹ̀. Ẹ jókòó kí ẹ rò ó dáadáa: kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ náà, tàbí kí lẹ jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe sí i, kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀?

Ṣé ẹ ra táyà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Táyà 185/65 R14 ga tó bíi milimítà 596. Èyí tó jẹ́ 195/65 R15 ga tó bíi 634. Ẹ̀ẹ̀kan tí táyà ńlá bá yí, ó ti lọ jìnnà ju kékeré lọ, òdómítà ò sì mọ̀. Nínú gbogbo kìlómítà 100 tí ẹ bá rìn, bíi 6 ni kò ní kà. Epo tí ẹ ń jó lè má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ìrìn yín ni wọn ò kà pé.

Ṣé ẹ fi omi fọ ẹ́ńjìnnì? Omi lè jókòó sínú ihò pulọ́ọ̀gì, kí sílíńdà kan máa tàsé iná. Ṣé ẹ yọ bátìrì? Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹ́káníìkì wa ń pè ní brain box, máa ń gbàgbé ohun tó ti kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ fún un láyè ọjọ́ mélòó kan kó tún un kọ́. Ṣé wọ́n ṣiṣẹ́ bíréèkì? Ṣé ẹ já sí kòtò ńlá kan lójú ọ̀nà Ìsánlú sí Ẹ̀gbẹ̀? Ṣé ẹ yí ilé epo padà? Ṣé wọ́n ní ọkọ̀ ń gbóná, tí wọ́n sì ní àwọn ti bá yín ṣe é? Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí lágbègbè wa, mo sì sọ tirẹ̀ ní kíkún nísàlẹ̀.

Iná kékeré kan tó kọ O/D OFF ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mi. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ epo?

Ó kàn án gan-an, àtúnṣe rẹ̀ sì lè má tó ìṣẹ́jú kan. Lára ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ tó jẹ́ ọ̀tọ́ (automatic, tó ń yí gíà fúnra rẹ̀), àti àwọn ọkọ̀ mìíràn, bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ gíà, níbi tí àtàǹpàkò ń sinmi sí. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, iná yẹn á tàn, ọkọ̀ ò sì ní bọ́ sí gíà tó ga jù mọ́. Ọmọ tó jókòó níwájú lè fọwọ́ kàn án, ẹni tó ń nu inú ọkọ̀ lè fi aṣọ tẹ̀ ẹ́. Lójú ọ̀nà kọnkéré tó wà láàárín Ọbajánà sí Kàbà, níbi tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì ti rọra máa lọ, ẹ ó máa gbọ́ tó ń ké, ọwọ́ RPM, èyí tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí tó, á sì ga ju bó ṣe máa ń wà lọ.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí iná náà kú. Ibi òkè gíga tàbí ibi ìsọ̀kalẹ̀ tó le, pàápàá tí ẹrù bá wà nínú ọkọ̀, nìkan ni bọ́tìnì yẹn wúlò fún. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ńṣe ni iná náà ń ṣẹ́jú, gíà fúnra rẹ̀ ló ń ké gbàjarè, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé kì í ṣe ilé epo ló ń rẹ́ mi jẹ?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà rẹ́ni jẹ: nínú ìwọ̀n, àti nínú ohun tó wà nínú epo náà.

Ti ìwọ̀n, ẹ wá ìwé ọkọ̀ yín tàbí kí ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ lè mọ iye tí táńkì yín ń gbà. Tó bá jẹ́ lítà 50, tí epo ṣì wà nínú rẹ̀, tí pọ́ǹpù sì ní òun ti rọ 54 sí i, ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Jẹ́ríkáànù kò ṣe é fi ṣẹ̀rí o, torí èyí tí wọ́n ń pè ní lítà 25 lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ téèyàn bá rọ ọ́ dé ẹnu. Ẹ ní kí ilé epo fi agolo òǹwọ̀n lítà 10 wọn ọ́n níṣojú yín. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ gba ilé epo mìíràn lọ. Tó bá sì dá yín lójú pé wọ́n ń yan èèyàn jẹ, NMDPRA ni àjọ tí ọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀.

Ti ohun tó wà nínú rẹ̀, omi lè wọ inú rẹ̀, wọ́n sì lè fi kẹrosíìnì lù ú. Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí mẹtanọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí NNPC fúnra rẹ̀ sì jáde sọ ọ́. Agbára tó wà nínú lítà mẹtanọ́ọ̀lù kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì ti bẹntiróòlù lọ, nítorí náà bí ó bá ṣe pọ̀ tó nínú epo ni ìrìn yín á ṣe kúrú tó. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ jẹ́ kí táńkì lọ sílẹ̀ dáadáa, kí ẹ rọ ọ́ kún nílé epo mìíràn lẹ́ẹ̀mejì léraléra, kí ẹ sì wọn ọ́n. Tó bá padà sípò, ẹ ò nílò mẹ́káníìkì. Ẹ má sì ra epo nígbà tí táńkà bá ń já epo lọ́wọ́ nílé epo náà, torí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ kòtò wọn á ti rú sókè.

Táyà àti bíréèkì ńkọ́?

Bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ páàdì, tàbí tí eruku ọ̀nà wa bá ti wọ inú kálípà, páàdì lè kọ̀ láti padà sẹ́yìn. Ọkọ̀ ń lọ, bíréèkì ń dì í mú, ẹ́ńjìnnì á sì máa jó epo láti fi bá bíréèkì jà. Ẹ wa ọkọ̀ náà níbi tó tẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì fi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì, kí ẹ dúró, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ rímù kọ̀ọ̀kan láì fi kàn án. Mẹ́ta nínú wọn á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tí bíréèkì ti há, ooru rẹ̀ á lé yín lọ́wọ́, ẹ sì lè máa gbóòórùn bí ìgbà tí rọ́bà ń jó. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà sókè kí ẹ fọwọ́ yí i: tó bá wúwo láti yí nígbà tí ìkejì rẹ̀ ń yí fàì, wọ́n máa tú kálípà rẹ̀, wọ́n á fọ pín-ìnnì rẹ̀, wọ́n á sì fi gíríìsì tó jẹ́ ti bíréèkì sí i. Iṣẹ́ yìí kì í gbówó púpọ̀.

Ti táyà, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó tọ́ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ níbi tí ilẹ̀kùn awakọ̀ ti ń pa dé. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin ohun tó lè gbà, ẹ má fi ìyẹn fún un. Ẹ má sì jẹ́ kí fọ́gánáìsà fi igi gbá a kó ní ó ti tó. Ẹ ní kó gbé géèjì jáde. Lásìkò ọyẹ́, tí òwúrọ̀ bá tutù, afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ká sọ òótọ́: ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ṣírò rẹ̀ pé psi kan (òǹkà tí géèjì fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) tó bá dín nínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba nǹkan bí 0.2 nínú 100 lọ́wọ́ ẹni. Táyà tó rọ̀ díẹ̀ kò lè sọ 10 di 7. Àmọ́ bí ẹ bá já sí kòtò tí ọkọ̀ sì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan látìgbà náà, ẹ lọ ṣe alignment.

Mẹ́káníìkì yọ thermostat ọkọ̀ mi nígbà tó ń gbóná. Ó ní ọkọ̀ ilẹ̀ olóoru kò nílò ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni. Ìmọ̀ràn yìí ti ba epo jẹ́ fáwọn èèyàn wa ju ohunkóhun mìíràn lọ, ó sì ń bí mi nínú nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ọ.

Ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ kí òun gbóná jù, kò sì fẹ́ kí òun tutù. Thermostat ni ilẹ̀kùn tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Ó máa ń tì pa títí omi inú ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó bíi digírì 82 sí 90, bí ọkọ̀ bá ṣe jẹ́, lẹ́yìn náà ni á wá ṣí. Tí wọ́n bá yọ ọ́, omi á máa lọ tààrà sínú rédíétọ̀ láti ìgbà tí ẹ bá ti ta iná sí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì pẹ́ kó tó gbóná. Lójú ọ̀nà eré, ó tiẹ̀ lè má gbóná dé ibi tó yẹ rárá. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń dá sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà rí i pé ẹ́ńjìnnì tutù, ó sì ń fi epo kún epo bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta iná sí i láàárọ̀. Ọ́ìlì ò yọ́ dáadáa, ẹ́ńjìnnì ń fi agbára tì í. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ̀tọ́, gíà kì í di ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì pátápátá títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, nítorí náà RPM á máa ga lásán. Epo tí kò jó tán á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, ẹ́ńjìnnì á sì tètè gbó.

Èkejì rẹ̀ ni fáànù. Wọ́n á gé wáyà rẹ̀, wọ́n á so ó ní dáírẹ́ẹ̀tì kó máa yí látìgbà tí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́. Òun náà ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ó sì ń gba iná tí ọkọ̀ ń fi epo pèsè. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe méjèèjì yìí fún, kò sí bí kò ṣe ní mu epo.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn òkè tó yí Kàbà ká, tàbí tí ẹ bá ń sáré lójú ọ̀nà tó dán lásìkò ọyẹ́, ẹ wo géèjì ooru. Ó yẹ kó dúró síbì kan ṣinṣin, nítòsí àárín. Tó bá ń rọra wálẹ̀ sọ́nà C tí ẹ bá ń sáré, tó ń padà gòkè tí ẹ bá dúró, thermostat kò sí níbẹ̀, tàbí ó ti há ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹ tún lè yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná: ẹ ta iná sí i, kí ẹ fọwọ́ kan hóòsì òkè tó wọ rédíétọ̀, kí ẹ ṣọ́ fáànù. Tí thermostat bá wà, hóòsì yẹn á tutù fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, á wá ṣàdédé gbóná. Tó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ń dí omi lọ́nà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Omi ibẹ̀ lè bó ojú àti ọwọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ ra thermostat tuntun tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an, kí wọ́n sì dá fáànù padà sórí rílè àti swíìṣì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ohun kan ló mú ọkọ̀ gbóná lákọ̀ọ́kọ́. Rédíétọ̀ lè ti dí nítorí omi kànga tí ẹ ń dà sí i dípò coolant, ìdérí rẹ̀ lè ti rọ̀, pọ́ǹpù omi lè máa jò, rílè fáànù lè ti kú, gásíkẹ́ẹ̀tì òkè sì lè ti jó. Ẹ wá a rí, ẹ tún un ṣe, kí ẹ wá fi thermostat sí i. Tí ẹ bá fi í sí i láì tún ìdí rẹ̀ ṣe, ọkọ̀ á tún gbóná, wọ́n á sì tún yọ ọ́.

Iná check engine ń tàn. Wọ́n ní kí n ra oxygen sensor. Ṣé kí n rà á?

Ẹ má rà á títí ẹ ó fi rí kóòdù. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojúhò kan lábẹ́ ìdarí ọkọ̀ tí wọ́n lè ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Àwọn rẹ́wáyà tó mọṣẹ́ ní Kàbà àti Lọ́kọ́ja ní ẹ̀rọ náà. Èyí tó kéré, tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀, kò wọ́n ju ohun tí ẹni mẹ́ta tó jọ ń gbélé lè dáwó rà. Ẹ ní kí wọ́n kọ kóòdù náà fún yín lórí bébà, lẹ́tà P àti nọ́ńbà mẹ́rin.

P0128 ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó. Ẹ padà sókè lọ ka ọ̀rọ̀ thermostat. P0300 dé P0304 ń sọ pé sílíńdà ń tàsé iná: pulọ́ọ̀gì, kọ́ìlì tàbí nọ́súlù. Epo tí sílíńdà náà kò jó, sálẹ́ńsà ló ń bá jáde lọ. P0172 ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. P0171 ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́, tí kọ̀ǹpútà sì ń fi epo kún un: ó lè jẹ́ hóòsì afẹ́fẹ́ kan tó ya, tàbí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tí eruku ti bò.

Oxygen sensor máa ń bàjẹ́ lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí mo dárúkọ lókè sọ pé ọkọ̀ tí irú rẹ̀ ti kú pátá lè gba nǹkan bí 40 nínú 100 padà nínú ìrìn rẹ̀ tí wọ́n bá tún un ṣe. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù nílò ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 fún ìwọ̀n epo 1. Sẹ́ńsọ̀ yìí ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá ó wà bẹ́ẹ̀, tó bá sì ń purọ́, kọ̀ǹpútà á máa fi irọ́ rẹ̀ rọ epo. Àmọ́ ọkọ̀ kan máa ń ní méjì ó kéré tán. Èyí tó wà ṣáájú kátálítíìkì, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà sálẹ́ńsà, ló ń darí epo. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kátálítíìkì ló ń ṣọ́. Wọ́n máa ń ta ti ẹ̀yìn fáwọn èèyàn, kí ọkọ̀ wọn sì tún máa mu epo bíi ti àná. Ẹ béèrè pé èwo ni wọ́n ń sọ. Ẹ má ra tòkunbọ̀ rẹ̀, torí ẹ ò mọ ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́.

Tí ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò bá mọṣẹ́, ẹ ní kó fi fuel trim, ìyẹn ìdá epo nínú 100 tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò, hàn yín nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Tó bá wà nítòsí òdo, tí kò kọjá 10 sókè tàbí 10 sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ ṣì dáa. Ẹ lọ wá ẹ̀bi náà sí bíréèkì, gíà tàbí ilé epo. Tó bá wà ní +20, kọ̀ǹpútà ń fi epo kún un. Tó bá wà ní −20, epo ti ń wọlé ju bó ṣe fẹ́ lọ, ó sì ń gbìyànjú láti dín in kù: ẹ wo nọ́súlù tó ń jò. Ohun tí nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí ń sọ fún mi pọ̀ ju ohun tí ìtúká ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kan gbáko lè sọ.

Wọ́n fẹ́ gé kátálítíìkì mi, wọ́n ní yóò dín epo kù.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e. Platinum, palladium àti rhodium tó wà nínú rẹ̀ níye lórí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yá mọ́ ọn. Èyí tó ti dí lóòótọ́ máa ń mú kí ọkọ̀ wúwo láti gun òkè kó sì máa mu epo, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́ inú sálẹ́ńsà kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Fílítà afẹ́fẹ́ àti pulọ́ọ̀gì ńkọ́?

Ẹ pààrọ̀ wọn lásìkò, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ tó ní nọ́súlù, fílítà tó dí ń gba agbára lọ́wọ́ ọkọ̀ ju bó ṣe ń gba epo lọ, torí kọ̀ǹpútà ń dín epo kù bí afẹ́fẹ́ bá dín. Lára bọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ń lo kabúrétọ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: fílítà tó dọ̀tí ń mú un mu epo sí i.

Kò sí iná kankan lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, síbẹ̀ ó ń mu epo.

Kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì ta iná sí i kí ẹ wò ó bóyá check engine á tàn. Tí kò bá tàn, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kó tó tà á fún yín.

Tó bá tàn tó sì kú, ẹ wo sẹ́ńsọ̀ ooru. Ó lè máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ́ńjìnnì tutù nígbà tó ti gbóná, kí kóòdù kankan má sì jáde. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò á fi digírì tó ń kà hàn. Láàárọ̀ kí ẹ tó ta iná, ó yẹ kó bá ojú ọjọ́ mu. Ẹ wo sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ náà, èyí tó wà lẹ́yìn fílítà. Ìfọ́n tí wọ́n ṣe fún un ni wọ́n ń fi fọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ nù ún tàbí kó ki ìka bọ̀ ọ́, torí wáyà inú rẹ̀ tín-ínrín bí irun.

A/C àti ẹrù ńkọ́, ṣé wọ́n ń mu epo tó báyẹn?

A/C ń mu ún, ó sì pọ̀ jù tí ọ̀sán bá gbóná tí ìrìn sì kúrú. Ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ooru jáde kí ẹ tó tan án.

Ti ẹrù, nǹkan bíi kìlógíráàmù 45 ń gba ìdá 1 nínú 100. Lásìkò iṣu tuntun, tí ẹ bá di iṣu kún búùtù láti Pọ̀nyàn tàbí Ìyàrà, tí ẹ tún di sórí ọkọ̀, tí ẹ sì gun òkè, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ìrìn yẹn wọn ọkọ̀ yín. Ẹrù orí ọkọ̀ ló burú jù, torí afẹ́fẹ́ ń dì í mú.

Èyí táwọn èèyàn kì í kà sí ni ìdúró. Tí tírélà sìmẹ́ńtì bá dí ọ̀nà ní Ọbajánà tí ẹ sì jókòó sínú ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, lítà 1 sí 2 lè lọ láàárín wákàtí kan láì rin kìlómítà kan. Ẹni tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́ tuntun lọ́nà yẹn ti rí ìdáhùn rẹ̀. Ẹ pa á tí ẹ bá rí i pé ọ̀nà ò ní ṣí láìpẹ́.

Oògùn inú ike tí wọ́n ní kí n dà sí táńkì ńkọ́?

Ẹ fi owó yẹn ra thermostat.

Kí ni kí n sọ fún mẹ́káníìkì mi kó má bàa rò pé mò ń kọ́ ọ níṣẹ́?

Ẹ bu ọlá fún un, kí ẹ sì mú nọ́ńbà dání. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú nǹkan kan. Kìlómítà 10 ni lítà kan ń gbé mi tẹ́lẹ̀, ó ti di 7 báyìí. Ìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ rédíétọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Mo ti yí ilé epo padà, kò yí padà. Ẹ bá mi wò ó bóyá thermostat wà níbẹ̀, kí ẹ wá yẹ bíréèkì iwájú wò, màá sanwó àyẹ̀wò náà lọ́tọ̀."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì ń pààrọ̀ páátì torí pé a kì í fẹ́ sanwó fún ìwádìí, páátì nìkan la ń rí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Ẹni tí ẹ bá sanwó fún pé kó ronú, á fara balẹ̀ ronú. Ẹ gba páátì àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó pààrọ̀ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún wọn epo kó tó kan òmíràn. Tó bá pààrọ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ sì dáa, ẹ̀yin méjèèjì ò ní mọ èyí tó tún un ṣe.

Ìgbà wo ni kí n má wà á mọ́ títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò?

Tí ẹ bá ń gbóòórùn epo nínú ọkọ̀ tàbí tí ilẹ̀ ibi tí ẹ gbé e sí bá tutù fún epo, ẹ má ta iná sí i. Tí èéfín bá ń jáde lára ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan, bíréèkì ti há débi pé ó lè gbiná. Tí iná check engine bá ń ṣẹ́jú dípò kó kàn tàn, epo tútù ń lọ jó nínú kátálítíìkì, ó sì lè pọ́n dòdò lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ má gbé e sórí koríko gbígbẹ lásìkò ọyẹ́. Kí ẹ sì fa dípísítíìkì jáde láàárọ̀: tí ọ́ìlì bá ń ga sí i fúnra rẹ̀ tó sì ń rùn bí epo, nọ́súlù kan ń jò sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá nọ́súlù náà rí, kí wọ́n da ọ́ìlì yẹn nù, kí wọ́n fi tuntun sí i kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan.